Omi Ọṣẹ Nínú Bíréèkì

Ìlú tí wọ́n ti ń sọ èdè mi ni mo ṣe àtìpó lọ, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n tètè mọ̀ pé àjò ni mo wà. Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé ṣe ìjọba. Láti kékeré ni àwọn àgbà ti ń sọ fún wa pé Ọ̀yọ́ ni àwọn kan nínú bàbá ńlá wa ti ṣí wá, nítorí náà nígbà tí mo di ẹrù mi, ọkàn mi sọ pé mò ń padà sílé ni. Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo lọ ra ìkòkò kékeré kan ní Ọjà Akẹ̀sán. Bí mo ṣe la ẹnu báyìí, obìnrin tó ń ta ìkòkò wò mí láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ké sí ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Ẹ wá gbọ́ Yorùbá ará Kútọnu." N kò gbé Kútọnu rí láyé mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti di Kútọnu ní Ọ̀yọ́, lẹ́nu àwọn ọmọ àdúgbò, lẹ́nu àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi, títí dórí ìmáàmù mọ́ṣáláṣí iwájú ilé wa.

Faransé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, mo máa ń lọ kọ́ àwọn mìíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ náà yára kọ́ ohùn mi ju Faransé lọ. Mo máa ń gbọ́ wọn lẹ́yìn fèrèsé tí wọ́n ń sín mi jẹ, tí gbogbo kíláàsì ń rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín kí ó má baà jọ pé ó dùn mí. Ó dùn mí. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló burú jù. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, mo máa ń gbọ́ bí àwọn ará ilé ṣe ń pe ara wọn jẹun, kò sì sí ẹni tó ń pè mí. Mo fẹ́ kí ẹnì kan pè mí ní ọmọ ilé. Mo sọ ọ́ báyìí nítorí pé òun ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí dá lé lórí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé n kò mọ ohun tó bà mí jẹ́.

Alhaji ni onílé mi. Awọ ló ń ṣe, tìmùtìmù àti àpò, bàbá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ. Ọdún kan gbáko ni ọ̀rọ̀ èmi pẹ̀lú rẹ̀ kò kọjá "Ẹ kú àárọ̀, Alhaji," "Káàárọ̀, Kútọnu." Alùpùpù ló sọ wá di ọ̀rẹ́.

Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ńlá ni, tòkunbọ̀, ìbátan mi kan ló bá mi rà á ní Kútọnu. Ó ní ìgbáyà níwájú tó ń gé afẹ́fẹ́, ó ní àpótí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń gùn lọ sí ìlú tó jìnnà láìsinmi, tí ó sì lè sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ní Ọ̀yọ́, ohunkóhun tó bá ti tóbi ju ọ̀kadà lọ, páwà báìkì ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe fáàrí ni mo rà á fún. Ó ti sú mi kí wọ́n máa kó wa mẹ́rin sórí àga ẹni mẹ́ta nínú bọ́ọ̀sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Mo ń kó ìwé ìdánwò àwọn ọmọ sínú àpótí kan, mo ń kó bàtà àti oúnjẹ sínú èkejì.

Ẹni tó bá ra tòkunbọ̀, opó ló fẹ́: kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lọ́wọ́ ọkọ àkọ́kọ́. Táyà tí wọ́n tà mọ́ ọn dúdú, ó ń dán, àfìgbà tí mo ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí mo rí i pé ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo tẹ ìwé àtúnṣe rẹ̀ jáde ní Faransé, mo fi ọ̀rá bò ó, mo sì ń kà á bí ẹni ń ka kéú. Gbogbo Sátidé, mo máa ń fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì, mo máa ń fi epo pa á, mo máa ń wo omi ẹ́ńjìnnì àti òróró rẹ̀. Òróró ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò gbọdọ̀ kàn án, nítorí inú òróró kan náà ni kúlọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń wẹ̀, bí o bá ṣi òróró bù sí i, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ kò ní lọ.

Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wá wò mí, pákò lẹ́nu. Ní àkọ́kọ́, ó kàn ń dúró. Nígbà tó yá, ó ń béèrè, "Èyí ńkọ́? Kí ni tibí ń ṣe?" Ní Sátidé kan, ó ní kí n tú àga rẹ̀ fún òun. Ó gbé e lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Nígbà tó gbé e padà, ó ti fi awọ pupa àti dúdú bò ó, ó rán an bí tìmùtìmù tí wọ́n ń gbé fún ọba.

Ó ní, "Ohun tó bá ti wọ ilé mi, ó gbọ́dọ̀ jọ ohun ilé mi."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n pè mí jẹun. Mo pe ìyá mi ní Ṣábẹ̀ẹ́ láti sọ fún un.

Ó ní, "Ṣé o jẹ ẹ́ yó?"

Mo ní, "Mo jẹ ẹ́ yó, ìyá mi."

Ó ní, "Ó dáa. Má jẹ ẹ́ yó jù. Ilé ẹni lèèyàn ti ń jẹ àjẹyó."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ayé ti yí padà.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni n kì í sọ fún un. Àwọn tírélà tó ń bọ̀ láti òkè ọya kì í fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, títì náà sì tóóró, ó ti jẹ létí. Àwọn ibi kan wà tí ilẹ̀ ti jóná, tí koríko kò hù mọ́. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í rí bàtà ẹnì kan lójú títì, tí n kò ní í rí ẹni tó wọ̀ ọ́. Mo máa ń dín eré kù tí mo bá dé ibẹ̀, mo máa ń tẹ bíréèkì wò, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan àyà rẹ̀ bóyá ó ṣì ń mí.

Lẹ́yìn òjò ọdún tó kọjá, bíréèkì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Èyí tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ níwájú ni, òun ló sì ń dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró. Tẹsẹ̀ ẹ̀yìn kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Mo tú u, mo rí i pé rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ, òróró bíréèkì ti ń jò díẹ̀díẹ̀. Kò sí irú rọ́bà náà ní Ọ̀yọ́, kò sí ní Ìbàdàn. Mo ránṣẹ́ sí Kútọnu, mo fi tapóló bo alùpùpù mọ́lẹ̀, mo padà sínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí Alhaji béèrè, mo ní mò ń sinmi rẹ̀ ni. N kò lè sọ pé ó bàjẹ́. Ó ti ń fi í yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí pé ẹ́ńjìnnì ọmọ ilé òun kì í bàjẹ́, nítorí pé ọmọ náà mọ ìwé rẹ̀ kà. Ẹ gbọ́ ohun tó pè mí. Ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ ba ìyẹn jẹ́?

Mùfú ni àkọ́bí Alhaji. Ó ń ta fóònù ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti gun ọ̀kadà rí, èmi náà sì ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gun tèmi ní pápá ilé ìwé. Wọ́n ti mú ọjọ́ yìgì rẹ̀ sí Sátidé kan, ní Ògbómọ̀ṣọ́, nílé àwọn àna. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ yìgì náà, Alhaji pè mí sí pálọ̀.

Ó ní, "Kútọnu, àbúrò rẹ yìí ní òun fẹ́ gun mọ́tò yẹn dé iwájú àwọn àna òun. Mo sọ fún un pé ọ̀dọ̀ rẹ ni kó ti wá tọrọ rẹ̀. Ó ní ojú ń ti òun."

Mùfú ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀.

Mo ní, "Kò sí wàhálà, Alhaji."

Mo ti ronú lé gbólóhùn yẹn lórí títí. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, bí bàbá tó bí mi bá ní kí n gbé ohun tó léwu fún àbúrò mi, mà á ní rárá, á bínú, á sì jẹun alẹ́. Ọmọ ilé ló lè sọ pé rárá. Àlejò ni kò lè sọ ọ́. Bí mo bá jẹ́ ọmọ ilé ní tòótọ́ ni, mà bá ti sọ ọ́.

Ohun tí mo ṣe ni pé, ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, mo yọ fíúsì kékeré kan lábẹ́ àga, mo fi í sínú àpò ṣòkòtò mi. Láìsí i, alùpùpù kò lè gba iná. Mo ní bó bá di Sátidé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, kò ní dáhùn, mà á káwọ́ lórí, mà á ní ẹ jọ̀ọ́, Mùfú á gba bọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà máa dùn. Mo tiẹ̀ yin ara mi pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

N kò mọ̀ pé Mùfú yóò fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ wò ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí mo wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí kò dáhùn, Alhaji ránṣẹ́ pe Bọ̀dá Ràímì, mẹkáníìkì tó ń tún àwọn ọ̀kadà ṣe ní ojú ọ̀nà. Nígbà tí mo fi máa dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ká tapóló kúrò, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnnì ń dún láàárín agbo ilé, àwọn ọmọdé yí i ká.

Alhaji ní, "A fẹ́ kí o bá a báyìí ni. Ìwọ náà ti ṣe tìrẹ fún wa, àwa náà ní láti ṣe tiwa."

Ọwọ́ mi lọ sórí bíréèkì kí ẹnu mi tó dúpẹ́. Ó le. Ó le bí ìgbà tó wà ní tuntun. Ara mi wálẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo kí Alhaji, mo kí i títí. N kò béèrè ohun tí wọ́n bù sí i. Bí mo bá béèrè, yóò jọ pé mò ń yẹ ẹ̀bùn wò lẹ́nu, wọn á sì bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé bíréèkì ní àrùn tí mo fi ní kò sí wàhálà.

Ní àárọ̀ Sátidé, ìmáàmù ṣàdúà fún Mùfú. Ó wọ aṣọ funfun, ó dé hẹ́mẹ́ẹ̀tì mi sórí, ó jókòó sórí awọ pupa tí bàbá rẹ̀ rán. Ìyá rẹ̀ wọ́n omi sílẹ̀ lẹ́yìn táyà. Ó lọ.

Àwa tó kù ń múra láti wọ bọ́ọ̀sì nígbà tí Bọ̀dá Ràímì dé, òun náà wọ aṣọ ńlá, ó fẹ́ bá wa lọ. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó ní, "Tíṣà, bíréèkì ọwọ́ yẹn, ẹ ti yí òróró ẹ̀, àbí? Mi ò rí òróró bíréèkì rà lọ́jọ́ náà, omi ọṣẹ ni mo fi mánéèjì ẹ̀. Mo ní kí Alhaji sọ fún yín pé kẹ́ ẹ yí i kó tó rin ọ̀nà jíjìn."

Gbogbo àwọn awakọ̀ àtijọ́ ló mọ omi ọṣẹ. Bí òróró bíréèkì bá tán lọ́nà oko, wọ́n á po ọṣẹ mọ́ omi, wọ́n á bù ú sí i, yóò le, yóò sì gbé wọn délé. Ṣùgbọ́n omi ni. Bí bíréèkì bá gbóná, omi á hó, á di ooru, ọwọ́ á sì tẹ òfìfo. Ọkọ̀ tó ń rọra lọ sí oko lè mú un jẹ. Èyí tó ń sáré bí tèmi kò lè mú un jẹ.

Mo pe Mùfú. Fóònù dún títí ó fi dákẹ́. Mo tún pè é. Ta ló ń gbọ́ fóònù nínú hẹ́mẹ́ẹ̀tì? Alhaji ń pè mí kí n wá jókòó ti òun nínú bọ́ọ̀sì. Mo jókòó tì í. Mo pe Mùfú nígbà mẹ́rìnlá láti Ọ̀yọ́, mo kà á. Ọ̀rẹ́ Mùfú kan wà ní Sábó tó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí ì bá jáde wá pàdé rẹ̀ lọ́nà. Alhaji ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá tọrọ nọ́ńbà náà, mo ní láti sọ ìdí, ìdí kan á sì fa òmíràn, títí dé orí fíúsì tó wà nínú àpò mi. Alhaji ń sọ̀tàn bí bàbá òun ṣe fẹ́ ìyá òun. Mò ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni o." Gbogbo èèyàn tó bá dúró létí títì, mo ń wò ó bóyá aṣọ funfun ló wọ̀.

A rí alùpùpù náà nígbà tó kù díẹ̀ ká wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Ọkọ̀ ńlá kan tó kó ẹ̀gẹ́ ti dín eré kù nítorí kòtò. Mùfú wà lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Alhaji sọ̀ kalẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó dúró.

Kò kú. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ní orúnkún. Èmi ni mo fún un ní ẹ̀jẹ̀, nítorí tèmi bá tirẹ̀ mu. Mo sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ọsíbítù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń ti ibẹ̀ lọ sí kíláàsì, mo ń fọ aṣọ rẹ̀, mo ń gbé e lọ yàgbẹ́. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, n kò purọ́. Ìbẹ̀rù náà wà níbẹ̀. Ìyá Mùfú máa ń di ọwọ́ mi mú, á ní Ọlọ́run ló mọ ìdí tó fi mú mi wá sílé àwọn. Láti ìgbà náà ni kò ti sí ẹni tó pè mí ní Kútọnu mọ́ nílé yẹn. Orúkọ àbísọ mi ni wọ́n ń pè.

Nígbà tí Mùfú délé, àwọn ẹbí jókòó ní pálọ̀, wọ́n pe Bọ̀dá Ràímì. Ó kúnlẹ̀, àgbàlagbà tó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ.

Ó ní, "Mo jẹ̀bi omi ọṣẹ, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n mo sọ fún Alhaji pé kí wọ́n yí i."

Gbogbo wọn wo Alhaji. Ó ní, "Mi ò rántí pé o sọ bẹ́ẹ̀."

Bọ̀dá Ràímì wolẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ n béèrè ẹyọ kan. Fíúsì ni kò sí lábẹ́ àga nígbà tí mo dé, ìyẹn ni mọ́tò ò ṣe ṣíná kí n tó fi òmíràn sí i. Ẹnì kan ló yọ ọ́. Ẹni tó yọ fíúsì mọ̀ pé mọ́tò ò gbọdọ̀ rìn. Kí Tíṣà sọ̀rọ̀."

Mo rí i pé Alhaji ń wò mí. Kò wò mí bí ẹni tó ń bínú. Ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ kí n bá òun gbé nǹkan.

Mo ní, "Mi ò mọ̀, ẹ̀yin bàbá mi. Bóyá ó já bọ́ nígbà tí wọ́n ń tú u."

Alhaji gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ó ní, "Ọmọ mi nìyí. Kí ẹnikẹ́ni má bi í ní nǹkan kan mọ́."

Ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ tí mo ti dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i gbà.

Kò pẹ́ tí kò fi sí ẹni tó ń gbé ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Ràímì mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ wá bá mi nílé ìwé. Ó ní ọkọ òun fẹ́ lọ sí ilẹ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n ní alùpùpù pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ wà. Kò mọ ẹnì kan lọ́hùn-ún. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ ibẹ̀. Ẹ ràn wá lọ́wọ́." Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ìyẹn ló dè mí lọ́wọ́. Mo kọ nọ́ńbà ìyá mi sínú ìwé fún un.

Oṣù kan kọjá. Alhaji ti fi ilẹ̀ kékeré kan hàn mí lẹ́yìn ilé, ó ní bí mo bá fẹ́ kọ́lé, ti ọmọ ni. Mo pe ìyá mi láti sọ fún un. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Ọkùnrin tí o ní kó wá ti dé. Ó mọ iṣẹ́. Ó máa ń kí mi láàárọ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, ìyá mi."

Ó ní, "Mo bi í pé kí ló lé e kúrò nílùú rẹ̀. Kò fẹ́ sọ. Èmi ni mo fi agbára bi í." Mò ń gbọ́ àwọn adìẹ rẹ̀ lábẹ́ ohùn rẹ̀. "Ṣé òótọ́ ni?"

Mo bi í bóyá àwọn adìẹ náà ti jẹun.

Ìyá mi ní, "Ó dáa. Yàrá rẹ ni mo fi í sí."